Bàbá Rẹ Ṣì Wà Nínú Yàrá

Palinggi ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Ara mi le, àfi orúnkún. Kọfí wa so dáadáa, àlejò sì ń wọ ilé tí o kọ́ fún wọn.

Ṣùgbọ́n owó ẹfọ̀n ìsìnkú bàbá rẹ lo fi kọ́ ọ. Ọdún kẹta rèé tí òkú rẹ̀ wà nínú yàrá, tí a ń pè é ní aláìsàn bí àṣà wa títí a ó fi sin ín, tí mò ń gbé oúnjẹ tì í. Láìsí ẹfọ̀n tí a máa pa níbi ìsìnkú, kò lè lọ sí ìlú àwọn òkú.

Lánàá, àlejò kan bi mí pé, "Mama, ta ló ń wúkọ́ ní yàrá yín?"

Mo ní, "Ọkọ mi ni. Ara rẹ̀ ò yá."

"Ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn o!"

Èmi náà ti ń gbọ́ ikọ́ yẹn.

Ta ilé náà, kí o ra ẹfọ̀n wá. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ bọ̀. Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé o ń bọ̀. Má sọ mí di òpùrọ́ lójú ọkọ mi.

Ìyá rẹ,
Lai' Bunga