Ìlédìí Ismath Tí Ilẹ̀ Gouka Kọ̀

Wassila ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí onílé yín pẹ̀lú. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí yóò mú wa sáré wá sí Kutonu. Àwa náà wà ní Gouka níbí. Ọmọ rẹ Ismath ti hu eyín, ọmú tí kò sí lẹ́nu rẹ̀ ló jẹ́ kó máa gé mi ní ìka jẹ.

Ọ̀rọ̀ ìlédìí òyìnbó tí ẹ ń pè ní kúùṣì, tí o kó sílẹ̀ fún un, ló mú mi kọ̀wé. Mo kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọ̀kan nítorí mo rò pé aṣọ ni, àfi bó ṣe ń wú bí gàrí tí omi pọ̀ fún, títí ó fi bẹ́ sí mi lọ́wọ́. O ní kí n máa jù ú nù, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá jù sẹ́yìn ilé lálẹ́, níbẹ̀ náà ni mo ń bá a láàárọ̀. Jacqueline, olùkọ́ tó ń gbé ìtòsí wa, ní kí n dáná sun ún. Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ kí ìdí ọmọ-ọmọ mi máa ta á ni, ta ni kò mọ̀ pé a kì í ju ìgbẹ́ ọmọ síná? Mo wá ń sin wọ́n sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà létí odò, bí a ṣe sin ibi rẹ nígbà tí mo bí ọ, mo sì ń bẹ ilẹ̀ kó gbà wọ́n.

Ilẹ̀ kò gbà wọ́n. Òjò ńlá kan hú gbogbo wọn jáde, ó gbá wọn sínú odò tí a ń pọn, wọ́n sì wú bí ìrọ̀rí. Adjara, àgbà obìnrin àdúgbò wa, ránṣẹ́ pé bí òun bá tún rí ẹyọ kan nínú omi, kí n máa lọ pọnmi ní Pira. Wassila, orúnkún mi kò lè gbé mi dé Pira.

Mo ti ṣa gbogbo wọn kúrò. Mo gé ìró mi àtijọ́ ṣe ìlédìí fún Ismath, èyí tí a lè fọ̀ kó gbẹ. Adjara àti àwọn obìnrin tó kù ti gbà kí n máa pọnmi, ṣùgbọ́n wọ́n ń yọjú wo inú garawa mi kí n tó lọ.

Èyí tí mo ṣà, mo dì í sínú àpò, mo fi rán Moumouni awakọ̀ sí ọ, torí o sọ pé ẹ ní ọkọ̀ tí ń kó ìdọ̀tí ní Kutonu. Mo sọ fún un pé iṣu ni, kó má baà kọ̀ ọ́. Má tú u nínú yàrá.

Jọ̀wọ́, fi owó ọṣẹ rán an padà sí mi, ọṣẹ ń tètè tán báyìí. Ọlọ́hun yóò fi ọmọ mìíràn jíǹkí rẹ láìpẹ́. Bí o bá ń gbé e bọ̀, aṣọ ni kí o kó tẹ̀lé e.

Èmi ìyá rẹ,
Salamatou