Ilẹ̀kùn Ìjàpá Màmá

Ilé Bíṣọ́ọ̀bù,
Bódìjà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ẹtì.

Sí Ìyá Ìjọ wa ọ̀wọ́n, Màmá Ògúnlẹ́yẹ, ní Àpáta,

Kí oore-ọ̀fẹ́, àánú àti àlàáfíà kún inú ilé tí ẹ wà. A gbàgbọ́ pé ara yín le, pé orókún yín ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, àti pé ọmọbìnrin yín, Moróunkẹ́, ti dín ata ọbẹ̀ yín kù. Àwa Bíṣọ́ọ̀bù yín wà dáadáa, ògo ni fún Ọlọ́run.

Ohun tó mú wa kọ̀wé ni pé a gbọ́ pé ẹ ti búra pé ẹ ò ní jókòó nínú Ìjàpá yín mọ́ láé, mọ́tò kékeré tí Bàbá rà fún yín kí wọ́n tó sinmi. Àwọn ọmọ yín ní ọjọ́ ogbó ló dé, wọ́n sì ti ń wá ẹni tó máa rà á. A bẹ̀ yín, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tiwa.

Ẹ ní ọmọ ọmọ kan, Inúolúwa, èyí tó fi ilé ìwé sílẹ̀, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán ìjókòó ọkọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá Kabir ní Agbowó. Ọmọ náà rẹwà, ó gbọ́n, ó níwà. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sí ẹni tí kì í sín jẹ. Ní Sátidé tó kọjá, ó wé gèlè yín àtijọ́, ó fi agbòjò ṣe ọ̀pá, ó lọ jókòó sí àyè yín nínú Ìjàpá, ó wá ń ṣe yín fún àwọn ọmọ ilé àti Ọdúnayọ̀ tó máa ń fi ọkọ̀ gbé yín: “Ọdúnayọ̀! Ṣé mààlúù lò ń dà ni? Rọra wakọ̀ o jàre, ẹyin ni mo gbé lẹ́sẹ̀!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn.

Nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó fa ọwọ́ ilẹ̀kùn. Kò ṣí. Ó tún fà á. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ń mì lásán bí eyín tó fẹ́ yọ. Ó yí gíláàsì, ìwọ̀n ìka mélòó kan ló sọ̀, ó há. Ló bá pariwo, “Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi o!” Ọdúnayọ̀ ní, “Ẹ ò rí i? Màmá gan-an nìyẹn!” Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ gba orí jíà sọdá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè, nígbà tí mo rántí pé ẹ̀yin ò lè gbé tiyín. Mo tún jókòó. Ọmọ náà ló tún jókòó, a fẹ́ wí.

Ibẹ̀ ló ti yé e. Ọkọ̀ yín kì í tíì dúró tán tí ọmọdé kan á ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, “Ẹ káàbọ̀, Mà!” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa nílé, a kì í jẹ́ kí àgbà ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi mọ ìgbà tí ọwọ́ ilẹ̀kùn ti inú bàjẹ́. Lọ́jọ́ Ìkórè, gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kálukú rò pé ẹlòmíì ti ṣí i fún yín. Ìwàásù ti parí kí Dádì wa tó padà wá wò yín. Ẹ ní, “Mo ń gbàdúrà ni, ẹ fi mí sílẹ̀.” Àdúrà wo, Màmá, tí òógùn fi mú gbogbo aṣọ yín rin gbingbin? Ẹ ò ké sí ẹnikẹ́ni, torí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé Ìyá Ìjọ há sínú mọ́tò ara rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lẹ ò ti wọ̀ ọ́ mọ́.

Ọmọ náà ní òun máa tún un ṣe. Ẹ̀rù bà á, torí ohun tó bàjẹ́ wà lẹ́yìn lẹ́dà pupa tí wọ́n fi bo inú ilẹ̀kùn, èyí tí ẹ máa ń fi fasilíìnì pa. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Ọ̀gá Kabir ní, “Tí o bá ya lẹ́dà ìyá yìí pẹ́nrẹ́n, èmi ò mọ̀ ẹ́ rí. Mo máa ní Mọ́níyà lo ti wá.”

Ó kọ́kọ́ tú ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí gíláàsì, ó tú súkúrù abẹ́ ibi tí ẹ máa ń gbé ìgúnpá lé. Ike pẹlẹbẹ tó yí ọwọ́ ilẹ̀kùn ká ti gbẹ, ó lè kán, nítorí náà ó fi aṣọ tí wọ́n rì sínú omi gbígbóná lé e títí ó fi rọ̀. Kò fi irin kan ọ̀dà. Igi pẹlẹbẹ ló fá, ó fi aṣọ wé e, ó ń tì í bọ ẹ̀yìn lẹ́dà láti ìsàlẹ̀. Páálí ni wọ́n na lẹ́dà mọ́, òjò sì ti mu páálí ọ̀hún. Àfi kéèyàn fi ìka wá ibi tí bọ́tìnì irin kọ̀ọ̀kan ti di páálí mú, kó ti igi bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, páálí á ya. Gbogbo wọn jáde àfi ẹyọ kan lókè. Mo gbọ́ “kẹ́”. Mo jókòó sílẹ̀, mi ò lè wò ó. Ọ̀gá Kabir ló wò ó, ó ní, “Dìde, bọ́tìnì ló jáde. Lẹ́dà ò ní nǹkan kan.”

Ọ̀pá irin tó so ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́ kọ́kọ́rọ́ ló kàn yọ lójú ìdè rẹ̀. Nǹkan kékeré báyìí, Màmá! A rí ìdè míì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò ní Gate, a sì fi gíríìsì sí ọ̀nà gíláàsì. Ó ti ṣí. Ọgọ́rùn-ún ìgbà ni mo ti ṣí i.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ọdúnayọ̀ máa fi Ìjàpá wá gbé yín. Tí a bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa máa sọ̀ kalẹ̀, a máa lọ. Mo ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sáré wá ṣílẹ̀kùn fún yín. Àwọn èèyàn á ní a ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí.

Kí Olúwa fún orókún yín lágbára, kó dá yín sí fún wa, kó jẹ́ kí ẹ fi ojú yín rí ọmọ tèmi náà. Àmín.

Èmi ni,
Bíṣọ́ọ̀bù y...
Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú. Kì í ṣe Bíṣọ́ọ̀bù.
Inúolúwa ni, ọmọ ọmọ yín aláìgbọràn.

Àfikún: Ọ̀dọ̀ ara yín ni kí ẹ fà á sí, ẹ má gbé e sókè. Ó ṣì le díẹ̀. Bí kò bá ṣí lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún fà á. A ò ní wẹ̀yìn, àmọ́ mi ò ní rìn jìnnà.