Erékùṣù Tí Èèyàn Ti Lè Tètè Délé

Ilé Olókò,
Ìdí Arère, Ìbàdàn.

Mutmainnah, Àmọ̀kẹ́ ọmọ mi,

Às-sàlámù àlékùm. Mo mọ̀ pé o ti dáhùn níbi tí o wà, ó ti dé etí mi. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ariwo Èkó, mo kí ọ kú oúnjẹ inú ike tí ò ń jẹ. Ọlọ́run Ọba á máa ṣọ́ ọ, kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ ṣì, kò ní jẹ́ kí n fi ojú mi sunkún rẹ, àmín. Gbogbo ará ilé ń kí ọ. Ewúrẹ́ Ìyá Àgbà ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn jọ Oyèdélé awakọ̀ lójú, ṣùgbọ́n a ò tíì sọ fún un. Orùlé ṣọ́ọ̀bù mi ṣì ń jò, mo kàn gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kúrò lábẹ́ ibẹ̀ ni, ó ti yanjú.

Wàá ní kí ló dé tí bàbá ò pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, bí mo bá sì ti fẹ́ dé ibi tó ṣe kókó lórí fóònù, obìnrin kan á já lu ọ̀rọ̀ wa, á máa sọ òyìnbó sí mi létí pé owó mi ti tán. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ tán, kò dá mi lóhùn rí. Muslimat, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta omi tútù àti káàdì fóònù ní Bẹẹrẹ, ló ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, pé òun á ya fọ́tò rẹ̀, òun á sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní kó jẹ́ kí òjò dá ná, kí ìwé mi má baà rin lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ erékùṣù yìí ló kàn. O ní ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ti fi dandan lé e pé kí o lọ sinmi, pé láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú o ò tíì gba ìsinmi kankan, ojú rẹ sì ti wọnú. O ní o fẹ́ lọ sí erékùṣù fún ọjọ́ díẹ̀, èyí tó rọrùn láti dé, o dárúkọ mẹ́ta, o ní kí n bá ọ mú ọ̀kan. O ṣeun tí o bi mí, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ nípa omi nínú ilé yìí bíi tèmi, èmi tí mo ti wọ ọkọ̀ ojú omi lẹ́ẹ̀kan ní Èpẹ́, tí mo sì bì títí a fi gúnlẹ̀. Ohun tí ò kàn yé mi ni pé orí erékùṣù náà ni ibi iṣẹ́ rẹ wà, Áílándì lẹ̀ ń pè é, ibẹ̀ ló sì ti ń rẹ̀ ọ́. O wá fẹ́ lọ sí erékùṣù mìíràn kí àárẹ̀ ti àkọ́kọ́ lè kúrò lára rẹ. Ìwọ lo kàwé ṣá. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ǹ bá sì ní kí o wá sinmi nílé, ṣùgbọ́n ta ló ti sinmi rí ní Ìdí Arère? Ẹ̀rọ ìlọta wà lápá ọ̀tún wa, gbohùngbohùn mọ́sáláṣí wà lápá òsì, àwa tí a wà láàárín náà ò sì gbẹ́nu dákẹ́.

Muslimat fi àwọn fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ hàn mí. Mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n nà gbalaja sórí iyanrìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń tà. Ó ní wọn ò ta nǹkan kan. Mo ní kí wá ni wọ́n ń sá, ó ní ara wọn ni, ó ní owó gidi ni wọ́n san kí wọ́n tó lè sùn síbẹ̀. Háà! Aṣọ ọrùn wọn ńkọ́? Ìrépé tí mo ń gbá dànù nídìí ẹ̀rọ mi láàárọ̀ kan tó rán aṣọ fún gbogbo wọn. Bí o bá fẹ́ irú rẹ̀, má lọ fi owó ṣòfò, fi ìwọ̀n rẹ ránṣẹ́, màá rán an fún ọ, ṣùgbọ́n tèmi á dé orúnkún.

Lábẹ́ fọ́tò ni àwọn tó ti lọ rí ti ń jẹ́rìí. Bertha kan wà níbẹ̀ tó ní omi ibẹ̀ mọ́, ẹja wọn dùn, òun ò tilẹ̀ fẹ́ padà sílé mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kọ mí lóminú. Mo ní kí Muslimat bi í léèrè bóyá bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé, bí wọ́n bá wà, kó bá mi kí wọn. Bertha ò tíì fèsì títí di àkókò yìí. Má fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Fọ́ọ̀mù tí o ní kí n wò náà, mo wò ó, Muslimat ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n bi ọ́ pé ta ni kí àwọn pè bí nǹkan bá ṣe ọ́ lọ́hùn-ún, o sì kọ orúkọ mi síbẹ̀. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo wo òkè rẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, mi ò rí ibi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣe mí níhìn-ín. Àbí ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù yẹn ò lóbìí ni?

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Ibi tó rọrùn láti dé tí ò ń wí yẹn, bí wàá ṣe tètè délé lò ń rò. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni Sìdí ìyá rẹ dákẹ́, bí a ṣe kírun Jímọ̀ọ̀ tán la sin ín, nítorí bí ẹ̀sìn wa ṣe wí nìyẹn. Àbújá lo wà. Nígbà tí o fi máa dé, wọ́n ti tẹ́ ojú sàréè, àwọn àlejò ti ń jẹ saarà. O kàn jókòó ti ilẹ̀ tútù yẹn, báàgì rẹ ṣì wà léjìká. Ó dùn mí, Àmọ̀kẹ́. Ó ṣì ń dùn mí. Láti ọjọ́ náà, o ò rìn kọjá ibi tí mọ́tò ti lè gbé ọ dé ọ̀dọ̀ mi kílẹ̀ tó ṣú. O rò pé bàbá ò mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi yẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò fínnífínní. Tákúwà wà lẹ́bàá Èkó níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn sọdá. Mo lọ bá Oyèdélé, tó ń wakọ̀ láti Mọlété sí Èkó, mo ní bí mo bá kú ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí wọ́n sì pe ọmọ mi ní Tákúwà, ṣé á bá ìrun òkú mi. Ó ní á bá a bí ọ̀nà bá dára, bí ọ̀nà ò bá dára, kí n sún ikú náà di ọ̀túnla. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Gòrè ti Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó èèyàn lẹ́rú láyé àtijọ́. Ibi tí ọmọ ọlọ́mọ ti sunkún lọ, èwo ni ti pé kí tèmi sanwó lọ sinmi níbẹ̀? Mo wọ́gi lé e. Ó wá ku Sánsíbà, tó jìnnà débi pé èèyàn á bọ́ nínú bàálù kan wọ òmíràn. Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀, kànáfùrù sì ń so lóko wọn bí ẹni ń ṣeré. Muslimat ní àwọn méjì yòókù, fọ́tò kọ̀ọ̀kan lo fi ránṣẹ́ sí òun, ṣùgbọ́n ti Sánsíbà ti fẹ́ kún fóònù òun. Afọ́jú pàápàá á rí ibi tí ọkàn rẹ wà. Síbẹ̀, Tákúwà lo kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí tèmi.

Mo bá lọ sọ́dọ̀ Lèmọ́mù wa, Àlùfáà Àkíbù. Mo ní oore kan ni mo wá bẹ̀ wọ́n, pé bí mo bá kú, kí wọ́n dúró de ọmọ mi. Wọ́n ní ṣé ara mi ò yá ni. Mo ní ara mi le, erékùṣù la fẹ́ mú. Wọ́n wá ṣàlàyé pé a kì í dá òkú dúró, pé bó bá jẹ́ ẹni rere, à ń mú un yára lọ síbi rere ni, bí kì í bá ṣe ẹni rere, kí a tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí èjìká. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n ta ni ò tíì dúró dè mí rí nínú àdúgbò yìí? Aṣọ Iléyá ti Lèmọ́mù gan-an, ẹ̀yìn Iléyá ni wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n dúró dè mí nígbà tí mo wà láàyè tí mò ń purọ́ pé kí wọ́n padà wá lọ́la, wọ́n á wá kọ̀ láti dúró nígbà tí mi ò lè purọ́ mọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín títí láwàní wọn fi yẹ̀ lórí.

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n tún láwàní wọn wé. Wọ́n ní àwọn rántí bí o ṣe jókòó lọ́jọ́ ti ìyá rẹ. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á dúró di ọjọ́ kejì, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ ìgbà ooru. Wọ́n pe àwọn àgbà ilé, wọ́n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Muslimat ní bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìgbà ooru, fíríìsà omi tútù òun fẹ̀ dáadáa. Mo ní èmi kì í ṣe ẹja inú yìnyín, iná mànàmáná ò sì ṣeé fọkàn tán. Nítorí náà, mú Sánsíbà, kí o sì lọ nísinsìnyí tí òjò ń rọ̀, tí ilẹ̀ tutù.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Mo ti ṣèlérí jàlàmíà tuntun fún Lèmọ́mù, èmi ni màá rán an, ìwọ ni wàá ra aṣọ. Kì í ṣe rìbá o, saarà ni. Fi ti páànù ṣọ́ọ̀bù kún un, kí o sì fi díẹ̀ sí i tí mi ò ní sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Má fi sí báńkì. Ìgbà tó kọjá, mo débẹ̀, mo ní kí wọ́n fún mi ní owó tí ọmọ mi fi rán wọn, wọ́n ń bi mí pé ta ni mí. Fi rán Oyèdélé, òun mọ̀ mí.

Ọlọ́run á mú ọ lọ, á mú ọ bọ̀. Omi ò ní gbé ọ, bàálù ò ní já, oúnjẹ ibẹ̀ á bá ọ lára mu, wàá sùn dáadáa, ẹ̀rín á padà sí ojú rẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ṣì wà níwájú wa, ìwọ ni wàá sì fi ọwọ́ ara rẹ da yẹ̀pẹ̀ sí mi. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ láti ilé, ibi yòówù kí o wà, jẹun kí o tó gbéra, má sáré. Mi ò ní kúrò nílẹ̀ kí o tó dé.

Èmi ni bàbá rẹ tí ara rẹ̀ le,
Ishaq Télọ̀.