Àyè Funfun Inú Àwòrán Ogun ti Bàbá Adémúyìwá Ọdúfúyè

Ìlú Awa ni wọ́n bí Bàbá wa sí lọ́dún 1945, sínú ilé Josaya Ọdúfúyè, àgbẹ̀ kòkó, àti Marta, ọmọ ìlú Òru. Ẹkún tí Bàbá ké lọ́jọ́ náà, àwọn apẹja Òde-Omi gbọ́ ọ, wọ́n fa àwọ̀n sókè, wọ́n ní ìjì ń bọ̀.

Bàbá ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì lọ kọ́ṣẹ́ sáìn-bọ́ọ̀dù ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́dún 1962. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bá Bùsúyì, ọmọ ìlú Efire, ṣọ̀rẹ́, ẹni tó ga débi pé kì í gun àkàbà kó tó kun àjà. Àwọn méjèèjì jọ wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1967. Bùsúyì kú sójú Ogun Abẹ́lé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Abọ́ ìjẹun ni Bàbá fi gbẹ́ sàréè rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá ti ogun dé lọ́dún 1970, Màmá Hannah, ìyá Bùsúyì, tó ń yan ẹja ní Efire, béèrè ọmọ rẹ̀. Bàbá wa, tí ẹnu wọn kì í dákẹ́ kódà bí àlùfáà bá ń wàásù, ní àwọn ò rí i mọ́. Ojoojúmọ́ ni Màmá ń bu oúnjẹ Bùsúyì sílẹ̀.

Bàbá gbé Màmá wa, Níkẹ́, níyàwó lọ́dún 1974. Lọ́dún 1983, yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè gba Bàbá síṣẹ́, wọ́n ń kọ orúkọ sára ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á máa fín àwòrán ogun sára pákó, wọ́n á pa íńkì sí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà: ilé tó ń jó, obìnrin tó pọn aṣọ lásán tó sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Adìyẹ ilé wa kì í gba iwájú àwọn àwòrán náà kọjá, ìran adìyẹ méje la sì sìn. Nínú gbogbo àwòrán náà, àyè funfun kan wà, bí ẹni tó sùn. Ibi tí ọ̀bẹ bá gbẹ́ kúrò lára pákó kì í gba íńkì, ibẹ̀ sì ni Bàbá máa ń gbẹ́ jìn jù.

Lọ́dọọdún, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ fi tuntun han Màmá Hannah, wọn ò ní lè sọ bí Bùsúyì ṣe kú, wọ́n á ká a padà. Lọ́dún 1991, Màmá gbé ọwọ́ lé àyè funfun náà.

“Adémúyìwá, ọmọ mi ga jù báyìí lọ. Kí ló dé tí o fi ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò?”

Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ìyá, abọ́ ni mo fi gbẹ́ ilẹ̀. Ihò náà ò gùn tó.”

Màmá sunkún títí omi òkun fi kún. Ó wá ní, “Lọ na ẹsẹ̀ rẹ̀ fún mi.”

Láti ọjọ́ náà, kò bu oúnjẹ sílẹ̀ mọ́, àyè funfun náà sì gùn dé etí bébà.

Bàbá jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tòótọ́, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì kọ sáìn-bọ́ọ̀dù gbogbo ilé-ìwé Awa. Wọ́n dágbére fáyé ní March 2019. Pákó tí a bá lórí tábìlì wọn la tẹ̀ sẹ́yìn ìwé ètò ìsìnkú yìí. Àyè funfun méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan gùn, èkejì kúrú, ó sì tẹ̀ sápá òsì bí Bàbá ṣe máa ń tẹ̀ bí wọ́n bá sùn. Màmá wa búra pé ọ̀kan péré lòun rí nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ikú wọn. Èérún igi kankan ò sí nílẹ̀.

Ìyàwó wọn, Níkẹ́, àwọn ọmọ wọn, Lará, Gbóyèga àti Adéfọlá, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá tí mẹ́sàn-án jogún ariwo wọn, ni wọ́n gbẹ̀yìn wọn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, àyè funfun ẹ̀yìn ìwé yìí kì í ṣe àṣìṣe atẹ̀wé. Ẹ má kọ nọ́ńbà fóònù síbẹ̀. Èèyàn ló ń sùn níbẹ̀.

Bàbá, ẹ sùn re o. Ẹ na ẹsẹ̀ yín dáadáa. A ti wọn ilẹ̀ náà, ó gùn tó.