Akọ̀wé Èbúté

Olóòtú ètò wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo orúkọ mi láṣìírí.

Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, mo sọ fún ìyàwó mi pé akọ̀wé ni mí ní èbúté kí n tó fẹ́ ẹ. Irọ́ ni. Alábàárù ni mí nígbà náà, àpò sìmẹ́ńtì ni mò ń rù.

Lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní ká lọ gbafẹ́ ní èbúté àtijọ́ náà, kí n fi ọ́fíìsì mi àtijọ́ hàn án. Mo wá àwáwí títí, kò gbà. Bí a ṣe wọ ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n tún ṣe fún àlejò, àwòrán àwọn alábàárù ayé ọjọ́un ló kò wá lójú lára ògiri. Èmi ni mo wà níwájú, àpò lórí.

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Olówó orí mi, ó ti pẹ́ tí ìyá yín ti sọ fún mi. Akọ̀wé wo ló ní irú ọrùn yìí?"

Ara tù mí pẹ̀sẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fúnni.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ò tíì mọ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wọn?