Ẹni Tó Ru Òkúta Ilé Oko Wa

Sátidé, Ìjerò.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wá wo ilé olókùúta tí bàbá àgbà kọ́ sóko kòkó wa. Mo sọ fún wọn pé òyìnbó ló kọ́ ọ, kó lè jọ wọ́n lójú. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wà níbẹ̀. Ìgbà tí àlejò lọ tán ni wọ́n ní, "Ìyá mi ló fi orí ru òkúta ulé yìí láti ẹsẹ̀ òkè. Èmi ni mo ń pọn omi tí wọ́n fi po ẹrẹ̀ rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀, mà?"

"Kí ojú má baà tì ọ́ níwájú àlejò."

Mo dọ̀bálẹ̀.

Mo pe ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lórí fóònù, mo jẹ́wọ́ irọ́ mi, mo sì sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Ó béèrè orúkọ màmá tó ru òkúta. Ìyá tó bí bàbá mi ni. Mi ò mọ orúkọ wọn.