Àmì-Ẹ̀yẹ Tí Odò Kò Fún Mi

                                        Andrews Avenue,
                                        University Heights,
                                        Bronx, New York.
                                        Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Oyèníyì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Bàbá, ní ọdún 2022, ni mo ṣẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, mo kí ọ, mo kí Rìnsọ́lá aya rẹ. Ṣé ara le? Ṣé ooru Atlanta kò tíì yọ́ yín bí òrí? Àwa níhìn-ín dúpẹ́. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ nìkan ni ara rẹ̀ kò yá.

O rántí pé ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ wa lọ fi ọkọ̀ rọ́bà la odò tó ń ru gùdù nínú àfonífojì jíjìn nì. Susan, atukọ̀ wa, pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìde. Èmi tí mo kọ́ nípa ìṣàn omi ní Pólì ṣàlàyé fún un pé omi ní òfin tirẹ̀, mo sì dìde láti ya fọ́tò. Omi náà kò lọ sí Pólì. Ọkọ̀ forí sọ àpáta, mo di ọrùn ẹ̀wù rẹ mú, a sì jọ ré sódò. Ìwọ lo kọ́kọ́ rí àpáta dì mú, tí o na àjẹ̀ sí mi, tí o ń kígbe pé: "Ọ̀gá onímọ̀ omi, di igi mú, kó o yéé mu odò ẹni ẹlẹ́ni!"

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n pe ìjẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gba maikirofóònù, mo ní ẹ̀rù ló bì ọ́ ṣubú, àti pé èmi ni mo bẹ́ sódò láti yọ ọ́. Màmá Adétọ́lá, olórí akọrin, lé orin. Ìjọ ní kí o máa jó tẹ̀lé mi, o sì jó. Wọ́n fún mi ní àmì-ẹ̀yẹ onígi. Wọ́n fún ọ ní orúkọ: Jónà. Lẹ́nu ọ̀nà, o wí fún mi pé: "Sànmí, n kò ní bá ọ jà nílé Ọlọ́run. Ẹnu tó dì í ni yóò tú u." Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí kí ọ pé "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Jónà", tí o sì torí rẹ̀ kó kúrò ní ìlú, n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Wọ́n ní irọ́ a máa sáré fún ogún ọdún. Ó ti rẹ tèmi ní ọdún kẹta. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo tún gba maikirofóònù, mo sọ ọ́ bó ti rí. Màmá Adétọ́lá, tó ti lanu láti lé orin, pa á dé. Bàbá Ìjọ bi mí pé: "Ta wá ni Jónà?"

"Èmi ni, sà."

Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, àfi ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ ni kò pè mí bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí Rìnsọ́lá. Kó máa dárí jì mí díẹ̀díẹ̀. Michael, akọ̀wé ìjọ, ń bọ̀ ní Atlanta fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Àná ni mo fi àmì-ẹ̀yẹ náà lé e lọ́wọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Harlem ti ha orúkọ mi kúrò, ó sì ti gbẹ́ èyí sí i: OYÈNÍYÌ, ẸNI TÓ YỌ OLÚSÀNMÍ LÓDÒ. Àpá orúkọ mi ṣì hàn fírífírí lábẹ́ tìrẹ. Má bínú, igi kì í tètè gbàgbé.

                                        Èmi ni ẹni tí o na àjẹ̀ sí,
                                        Olúsànmí.